Kọ́kọ́rọ́ Méjì: Èwo La Fi Hàn, Èwo La Fi Pamọ́?

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lónìí.

Láti 2007 ni Nàìjíríà ti ń ṣe ìwé ìrìnnà tó ní chip. Ìjọba máa ń fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí fọwọ́ sí ohun tó wà nínú chip náà. Kọ́kọ́rọ́ gbangba, tó wà nínú sátífíkéètì, ni aṣọ́bodè ilẹ̀ òkèèrè lè fi yẹ ìfọwọ́sí yẹn wò. Tí ẹnì kan bá yí lẹ́tà kan péré padà, àṣírí tú.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí tá a bá ń lo ssl nínú Python. Fáìlì méjì la máa ń fún un: cert.pem àti key.pem. Ẹ lè pín cert.pem láti ibí dé Ìsẹ́yìn, kò séwu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí key.pem lè fi orúkọ yín lu jìbìtì.

Torí náà, ẹ má ṣe kọ kọ́kọ́rọ́ àṣírí sínú code tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sọ́rẹ̀ẹ́. Tó bá ti bọ́ síta, pípa á rẹ́ nìkan ò tó, torí ẹlòmíì lè ti dà á kọ. Ẹ ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun, ẹ gba sátífíkéètì tuntun, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fagi lé ti àtijọ́.