Ẹ̀KỌ́ ÈDÈ LÁRÚBÁWÁ: Ilẹ̀ Gbígbẹ Ju Oríṣi Kan Lọ

 

Ọ̀rọ̀ tí Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé fi ń pe ilẹ̀ gbígbẹ ni a fẹ́ yẹ̀ wò lóṣù yìí. Nílé kéwú, èyíkéyìí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pàdé nínú wọn, "aṣálẹ̀" ni yóò fi túmọ̀ rẹ̀, yóò sì kọjá lọ. Kò yẹ ká gbọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ Ìlúà. Ọmọ àgbẹ̀ Òkè-Ògùn mọ ọ̀dàn yàtọ̀ sí ilẹ̀ yangí, ó sì mọ ilẹ̀ tó ti ṣá yàtọ̀ sí orí àpáta. (Àwọn mìíràn a máa sọ pé "aginjù". Lẹ́nu ọdẹ, igbó kìjikìji tí ẹnikẹ́ni kì í gbé ni aginjù, kò sì sí ohun tó kàn án pẹ̀lú gbígbẹ.)

Ẹ ṣí Súrátul-Hajj, aaya 5. "Hamida" ni Ọlọ́hun pe ilẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná ni ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá. Bí ọwọ́ iná bá rẹlẹ̀ tí ẹ̀yinná ṣì wà nínú eérú, wọ́n á ní ó "khamada". Bí ó bá kú pátápátá tí eérú tutù, wọ́n á ní ó "hamada". Lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n, ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Ẹni tó bá ti rí pápá wa lóṣù Fẹ́búárì, lẹ́yìn tí iná ẹ̀ẹ̀rùn ti jó o dúdú, kò nílò àlàyé mìíràn. Àmọ́ aaya náà kò parí síbẹ̀: bí omi bá ti kan ilẹ̀ náà, yóò mira, yóò wú, yóò sì hu ewéko tó dára. Nínú Súrátu Fusilat, aaya 39, "khashi'a" ni Ó pè é, láti orísun kan náà pẹ̀lú "khushu'u", ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn tí a ń wá nínú ìrun. Ilẹ̀ tó tẹrí ba ni. Ibi méjèèjì yìí ni Ọlọ́hun ti fi ilẹ̀ ṣe ẹ̀rí Àjíǹde. Nítorí náà, kí ẹni tó ń pe ọ̀dọ́ tó ti pa ìrun tì fún ọdún méjì ní òkú ilẹ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá òjò ti kan onítọ̀hún rí.

"Juruz" wà nínú Súrátul-Kahfi, aaya 8, àti Súrátus-Sajda, aaya 27. Gígé àti jíjẹ tán ló wà nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá jẹun tí kò ṣẹ́ nǹkan kan kù, "jaruz" ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ tí wọ́n fá lórí ni juruz, kì í ṣe ilẹ̀ tí kò lè so. Nínú Sajda, Ọlọ́hun darí omi lọ bá a, ó sì so ohun tí èèyàn àti ẹran ọ̀sìn jọ ń jẹ. Ibi tí àwọn elédùú ti gé igi òrí àti igi irúgbá tán ní agbègbè wa, juruz ni ká pè é. Ayùn ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ahoro tún yàtọ̀. Lẹ́yìn tí Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde sí ìjọba òyìnbó ní 1916, wọ́n kó Òkèhò kúrò lórí òkè wá sí ibi tó wà lónìí ní 1917. Ahoro ni à ń pe ibi àtijọ́. Koríko ń hù níbẹ̀ dáadáa, èèyàn ni kò sí. "Khawiya" ni Àlùkùránì ń pe irú ìlú bẹ́ẹ̀, bíi nínú Súrátul-Bakọra, aaya 259.

Nínú Bakọra kan náà, aaya 264, ni "sald" wà. Àpáta ni, tí erùpẹ̀ díẹ̀ bò lójú. Ẹni tó ń wò ó lókèèrè á rò pé oko ni. Òjò ńlá kan ṣoṣo ló fọ erùpẹ̀ náà lọ, ó wá ku àpáta lásán. Ẹ kíyè sí i: òjò tó jí ilẹ̀ hamida náà ló tú àṣírí àpáta. Àwọn ìyá wa tó ń sá èlùbọ́ sórí àpáta mọ̀ pé kò sí ohun tó lè hù níbẹ̀. Ẹni tó ń fi "mann" ba sàárà rẹ̀ jẹ́ ni a fi wé e, a kò sì mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá mann mu ju ìrègún lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Níbi wòlímọ̀, ẹnì kan á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á kéde pé òun ra Àlùkùránì fún ogún ọmọ. Kò burú, aaya 271 gba kíkéde láyè, bó tilẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ sàn jù fún fífún aláìní. Àmọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó ṣì ń pe ọmọbìnrin kan nínú wọn lójú ọjà pé, "Bí kì í bá ṣe èmi, ta ni ìwọ ì bá jẹ́?" Níbẹ̀ ni erùpẹ̀ ti wọ́ lọ.

Iṣẹ́ ilé: Nínú Súrátu Ibrọ̀hímà, aaya 37, Ànábì Ibrọ̀hímà kò pe àfonífojì Mẹ́kà ní hamida, kò pè é ní juruz tàbí sald. Ibi tí kò sí ohun ọ̀gbìn nìkan ló pè é. Kí ló dé? Ẹ kọ èrò yín sí ojú ìwé kan, kí ẹ mú un wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.