Bíbẹ Yunifásítì Wò Kí Ilẹ̀kùn Tó Tì

Nígbà tí Mósè rán ọkùnrin méjìlá lọ ṣe amí ilẹ̀ Kénáánì, kò rán wọn ní ìwòran. Ó fi ìbéèrè lé wọn lọ́wọ́: irú ilẹ̀ wo ni, irú ènìyàn wo ló ń gbé ibẹ̀, kí sì ni ilẹ̀ náà ń mú jáde? Ó tún ní kí wọ́n mú èso ibẹ̀ bọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìbẹ̀wò ọmọ wa sí yunifásítì rí.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ girama ló ti dé Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, tàbí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n wo ọgbà ẹranko, wọ́n ya fọ́tò lẹ́nu géètì, wọ́n sì padà sílé láìmọ ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.

Ìgbà wo ni kí á lọ? Ọ̀pọ̀ òbí ń dúró di SS3, nígbà tí fọ́ọ̀mù JAMB bá jáde. Ó ti pẹ́ nígbà náà. Láti SS1 ni ọmọ ti ń yan sáyẹ́ǹsì tàbí áàtì. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ìdánwò JAMB, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan. Ẹni tó fẹ́ di dókítà yóò fi bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì kún un. Ọmọ tí kò kọ́ físíìsì, ilẹ̀kùn kan ti tì mọ́ ọn kí ó tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀.

Báwo ni kí á ṣe lọ?

1. Ẹ lọ ní ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Ẹ kọ̀wé ṣáájú sí ẹ̀ka tí ọmọ fẹ́.

2. Ẹ dé ibi iṣẹ́ gan-an. Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, kí ó rí oko ìwádìí wọn. Ẹ má ṣe fo ilé ìkàwé dá: Kenneth Dike ní Ìbàdàn, Hezekiah Oluwasanmi ní Ifẹ̀.

3. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ bi akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì tàbí ìkẹta léèrè: iṣẹ́ wo ló le jù? Níbo lẹ ń sùn? Èló lẹ ń ná sórí ìwé? Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí òbí bá gba ìbéèrè náà ṣe, òbí nìkan ni yóò mọ ọ̀nà.

4. Kí ó kọ ohun tó rí sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Báwo ni kí á ṣe gbọ́ ìròyìn rẹ̀? Ilẹ̀ kan náà ni àwọn amí méjìlá rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló kún ẹnu mẹ́wàá nínú wọn. Bí ọmọ bá ní òun kò fẹ́ ìṣègùn mọ́, ẹ má ṣe bínú, ẹ má sì tètè gbà. Ẹ wádìí rẹ̀. Ìbẹ̀rù pé iṣẹ́ le yàtọ̀ sí mímọ̀ pé iṣẹ́ kì í ṣe tẹni. A lè fi ọ̀rọ̀ ìyànjú wo ti àkọ́kọ́ sàn. Bí a bá fi ipá mú èkejì, ọdún mẹ́fà ọmọ náà ni yóò fi san án.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, ẹ ṣílẹ̀kùn fún àwọn àbúrò wa. Àwọn òbí kan kò ní owó ọkọ̀; bí ẹgbẹ́ wa bá gbé bọ́ọ̀sì kan kalẹ̀ lọ́dún, a ti ṣe ohun ńlá. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Fún ìjíròrò nínú ilé: Ta ló yan iṣẹ́ tí ọmọ wa ń lé? Ǹjẹ́ ó ti fojú rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ?