Báyọ́lọ́jì Kì í Ṣe Òòbẹ̀

"Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ." Òwe tó máa ń wà lẹ́nu òbí ní Ìkòyí àti Ọbaléńdé nìyí nígbà tí orúkọ bá jáde ní Yunifásítì Èkó, ní Akọka. Ọmọ béèrè Medicine, Akọka fún un ní Zoology tàbí Botany. Wọ́n á ní kó ṣáà gbà á ná, kó tún JAMB kọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ á wọlé, ọkàn rẹ̀ ò ní wọlé. Kó tó fura, CGPA rẹ̀ ti wọ́lẹ̀.

Èmi ò gbà pé òòbẹ̀ ni báyọ́lọ́jì. Ní oṣù keje 2014 tí Ebola wọ Èkó, Ọbaléńdé wa yìí, ní ilé ìwòsàn First Consultants, ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ti kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn tó gbé e wọ̀lú ò ní jáde. Àìsàn ọ̀hún ló pa òun náà lóṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n ìfura dókítà nìkan ò tó: yàrá ìwádìí ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí gbogbo ayé tó gbà. Àdán gan-an sì ni àwọn onímọ̀ ń fura sí pé kòkòrò Ebola ń gbé lára rẹ̀. Ta ló máa ń tọpa àdán wọ igbó bí kò ṣe ẹni tó ka Zoology?

Nítorí náà, ìwọ tó ti gba àyè, má fi ọdún kìn-ín-ní ṣeré. Kẹ́místrì àti ìṣirò ló ń fa ọ̀pọ̀ sẹ́yìn níbẹ̀. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: má dúró de practical kí o tó la ojú. Lọ sí etí omi nítòsí afárá tó so Ìkòyí mọ́ Victoria Island lásìkò òjò. Wàá rí water hyacinth, ewéko olódòdó tó ti ń yọ omi Èkó lẹ́nu láti nǹkan bí 1984. Padà lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti rọ. Lásìkò òjò, omi òjò ló ń ti omi òkun sẹ́yìn. Bí òjò bá dá, iyọ̀ á padà wá pa á. Kọ ohun tí o rí àti ọjọ́ tí o rí i sílẹ̀. Project ọdún kẹrin ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bí SIWES, ètò ìkọ́ṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, bá dé, má torí owó ọkọ̀ lọ jókòó sí báńkì. NIOMR, ilé ìwádìí nípa òkun, wà ní Victoria Island; NIMR, ilé ìwádìí nípa ìṣègùn, wà ní Yábàá. Tètè kọ lẹ́tà sí wọn, kí àyè tó kún.

Ẹ̀yin òbí, owó fọ́ọ̀mù JAMB tẹ́ ẹ fẹ́ tún san yẹn, ẹ kọ́kọ́ fi ra kóòtù yàrá ìwádìí fún un.