Rírà Ọkọ̀ Asáré Àlòkù: Bí A Ṣe Lè Rí Àléébù tí Olùtà Kò Sọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àlòkù mu púpọ̀. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́bàá títì, tí ó rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ onílẹ̀kùn méjì tí ara rẹ̀ ń dán, tí táyà rẹ̀ fẹ̀, tí sàláńsà rẹ̀ sì ń dún bí àrá, yóò rò pé ọkọ̀ tí ó lágbára ni. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ nìkan ni ojú ń rí. Inú ẹ́ńjìnnì ni owó wà. Ẹni tí ó bá fi owó àjọ, owó kòkó tàbí owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú tán, gbèsè ni yóò máa san lórí ohun tí kò lè gbé e dé ọjà. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí wà kí olùrà lè mọ ohun tí yóò wò, ohun tí yóò bèèrè, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó yí padà, kí ó sì máa lọ sí ilé rẹ̀ pẹ̀lú owó rẹ̀ nínú àpò.

OHUN TÍ Ó MÚ ỌKỌ̀ ASÁRÉ YÀTỌ̀

Ọkọ̀ tí a fi ń gbé èrò tàbí ẹrù, a ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí ó lè ṣiṣẹ́ pẹ́, kí ó sì fara da ìyà. Ti ọkọ̀ asáré kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é ti fún un ní agbára tí ó súnmọ́ òpin ohun tí irin rẹ̀ lè gbà. Nítorí náà, ọ́ìlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, epo bẹntiróòlù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é là sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ṣe fún epo tí òǹkà octane rẹ̀ jẹ́ 95 tàbí 98. Bí a bá fún un ní èyí tí ó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, epo náà lè gbiná lódì nínú ẹ́ńjìnnì, yóò sì máa dún bí ìgbà tí a bá ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Bí ìró yìí bá ń bá a lọ, písítìnnì kò ní pẹ́ fọ́.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré ni ó ní tọ́bò. Kẹ̀kẹ́ kékeré méjì ni ó wà nínú tọ́bò, lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Èéfín gbígbóná tí ó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí kẹ̀kẹ́ kìíní. Kẹ̀kẹ́ kejì a sì máa ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, kí epo púpọ̀ lè jó lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pá yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ni ó gbé e ró. Bí awakọ̀ bá ń ti orí eré gíga pa ẹ́ńjìnnì lójijì nígbà gbogbo, ọ́ìlì tí ó kù nínú tọ́bò a máa jó di èédú, ọ̀pá náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Olùtà lè mọ èyí, kí ó má sì sọ ọ́.

ÀTÚNṢE TÍ A MÁA Ń FI PAMỌ́

Ẹni tí ó fẹ́ràn eré kì í sábà fi ọkọ̀ sílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ ti ṣe é. Oríṣi àtúnṣe mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀.

Èkíní ni yíyí ìlànà kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tí ó ń díwọ̀n epo àti afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. A lè kọ ìlànà mìíràn sínú rẹ̀, kí tọ́bò lè máa ti afẹ́fẹ́ wọlé ju iye tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí lọ. Agbára ọkọ̀ yóò pọ̀ sí i ní tòótọ́, ṣùgbọ́n písítìnnì, gásíkẹ́ẹ̀tì àti kílọ́ọ̀ṣì kò yí padà. Ẹrù ràkúnmí ni a gbé ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ojú lásán kò sì lè rí àtúnṣe yìí.

Èkejì ni yíyọ kátálístì kúrò lára sàláńsà. Kátálístì ni ó ń dín oró èéfín kù. Platinum, palladium àti rhodium, tí í ṣe irin olówó iyebíye, wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gé e tà. Páìpù lásán ni wọ́n máa ń jó sí ipò rẹ̀. Nígbà tí iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì bá tàn nítorí èyí, wọn a yọ gílóòbù iná náà kúrò nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, olùrà kò sì ní mọ̀ pé ọkọ̀ ń ké.

Ẹ̀kẹta ni yíyọ tẹ́mósítáàtì. Àwọn mẹkáníìkì kan gbàgbọ́ pé ilẹ̀ Nàìjíríà ti gbóná jù, pé ohun èlò náà kò wúlò níbẹ̀. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Tẹ́mósítáàtì dà bí ilẹ̀kùn: ó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó bí ó ti yẹ, lẹ́yìn náà ni yóò ṣí kí omi lè kọjá lọ sínú rédíétọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kì í gbóná tó a máa jẹ epo, irin inú rẹ̀ a sì tètè jẹ. Ewu tí ó tóbi jù ni pé a lè yọ ọ́ nítorí pé ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù, kí àìsàn náà má baà hàn ní ọjọ́ ìtajà.

Ẹ̀kẹrin ni gígé sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè rẹlẹ̀, pípààrọ̀ odidi ẹ́ńjìnnì, àti jíjó jíà ẹ̀yìn pọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan a máa fi ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn ń tì yí bíríbírí níbi ìnáwó. Wọn a sì jó jíà ẹ̀yìn pọ̀ kí táyà méjèèjì lè máa yí bákan náà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa jà mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́ ní kọ́nà, pàápàá bí òjò bá rọ̀.

Àtúnṣe fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá tún ọkọ̀ ṣe dáradára, tí ó pa ìwé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, tí ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún olùrà, ó ti ṣe ohun tí ó tọ́. Fífi pamọ́ ni ó burú.

ÀRÉKÉREKÈ ỌJỌ́ ÌTAJÀ

Kí olùrà tó dé, olùtà tí kò ṣe òótọ́ a ti tan ọkọ̀, a sì ti jẹ́ kí ó gbóná, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìró burúkú àti èéfín kì í hàn bí kò ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. A ti bu ọ́ìlì tí ó ki jù sínú rẹ̀ kí irin tí ó ti jẹ lè dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. A ti fọ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́ tónítóní, kí ojú ibi tí ọ́ìlì ti ń jò má baà hàn. A ti fi ẹ̀rọ pa àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀ rẹ́. Nítorí náà, kí olùrà má ṣe yọ̀ jù bí ó bá rí ẹ́ńjìnnì tí ó mọ́ ju àwo oúnjẹ lọ.

ÀYẸ̀WÒ MÉJE

1. Òwúrọ̀ ni kí a lọ, kí a sì bá ẹ́ńjìnnì ní tútù. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ti gbóná, kí a dúró tàbí kí a padà wá. Bí olùtà bá wí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ọkọ̀ yìí kò ní ìṣòro kankan,” kí olùrà dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ ṣé o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tan án títí n ó fi dé ní òwúrọ̀ ọ̀la.”

2. Kí a fa gééjì ọ́ìlì yọ, kí a sì ṣí ìdérí ibi tí a ń bu ọ́ìlì sí. Bí ohun tí ó wà níbẹ̀ bá dà bí tíì tí a bu mílíìkì sí, omi ti dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀ púpọ̀ lórí gééjì, ẹ́ńjìnnì náà ń jẹ ẹ́ tàbí ó ń jò.

3. Kí a ṣí rédíétọ̀ nígbà tí ó tutù nìkan, nítorí omi gbígbóná lè bó ènìyàn lójú. Kí a wò bóyá ọ́ìlì ń léfòó lórí omi. Lẹ́yìn tí a bá tan ọkọ̀, bí omi náà bá ń hó yọ́yọ́ láìdáwọ́dúró nígbà tí kò tí ì gbóná, èéfín ẹ́ńjìnnì ni ó ń wọ inú rẹ̀.

4. Kí a yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan ẹ́ńjìnnì. Iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn, kí ó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá dìde. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án.

5. Kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn ọkọ̀ kí ó máa wo èéfín. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró jẹ́ ti ọ́ìlì tí ń jó. Ó lè jẹ́ pé ríǹgì písítìnnì tàbí tọ́bò ti jẹ. Èéfín funfun tí kò tán, tí ó sì ń rùn bí ohun dídùn, jẹ́ ti omi rédíétọ̀ olóògùn. Èyí tí ó dúdú jẹ́ ti epo tí ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n oruku omi díẹ̀ ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tí ó sì parẹ́ láìpẹ́, kì í ṣe àìsàn.

6. Kí a ki ẹ̀rọ skánà bọ ojúhò rẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí a ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ni ó ní ojúhò yìí. Skánà yóò sọ àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà rí. Bí ó bá sọ pé àṣìṣe kò sí, ṣùgbọ́n tí ó sọ pé kọ̀ǹpútà kò tí ì parí ìdánwò ara rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti pa àkọsílẹ̀ rẹ́ láìpẹ́.

7. Kí mẹkáníìkì yọ púlọ́ọ̀gì, kí ó sì fi gééjì wọn agbára tí písítìnnì kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Iye tí gbogbo wọn ní gbọ́dọ̀ súnmọ́ ara wọn. Bí mẹ́ta bá fi 160 hàn, tí ẹ̀kẹrin sì fi 100 hàn, ẹ́ńjìnnì náà ń ṣàìsàn, bí ó tilẹ̀ wù kí ara ọkọ̀ dán tó.

Lẹ́yìn èyí, kí a wa ọkọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí a sì gun òkè. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kígbe tí eré ọkọ̀ kò sì pọ̀ sí i, kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán. Nígbà tí a bá padà dé, kí a wo ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ bóyá nǹkan ń kán.

Kí mẹkáníìkì tí yóò ṣe àyẹ̀wò yìí jẹ́ ẹni tí olùrà fúnra rẹ̀ mú wá, kí ó má ṣe jẹ́ ọ̀rẹ́ olùtà. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì kan.

ÌWÉ ÀTI ÒFIN

Nọ́mbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ ní àmì 17. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀, kí wọ́n má baà dà bí 1 àti 0. Kí a fi èyí tí ó wà lára ọkọ̀ wé èyí tí ó wà nínú ìwé. Kí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú nọ́mbà ẹ́ńjìnnì. Bí nọ́mbà ẹ́ńjìnnì bá yàtọ̀, a ti pààrọ̀ rẹ̀, olùtà sì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ó ti rà á.

Kí olùrà béèrè ìwé owó ibodè pẹ̀lú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba ẹnubodè orí ilẹ̀. Ọkọ̀ tí a gbà lọ́nà ẹ̀bùrú láti Kútọnu lẹ́yìn òfin náà, àwọn aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á, owó olùrà a sì ṣègbé.

Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti ọdún 2018 pàṣẹ pé oníṣòwò tí ó bá ń ta ọjà àlòkù tàbí èyí tí a tún ṣe gbọ́dọ̀ fi í hàn gbangba. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ kì í rọrùn fún láti rojọ́. Nítorí náà, kí a kọ àdéhùn sílẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí: orúkọ àwọn méjèèjì, iye owó, gbogbo nọ́mbà ọkọ̀, àtúnṣe tí olùtà jẹ́wọ́, àti gbólóhùn pé kò sí òmíràn. Olùtà tí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i ti sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Kò sì yẹ kí a ná gbogbo owó tán sórí ọkọ̀. Ẹni tí ó ní ₦5,000,000, kí ó ra ọkọ̀ tí kò ju ₦4,000,000 lọ, kí ìyókù wà fún ọ́ìlì, bẹ́lítì, táyà àti ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ọkọ̀ àlòkù pọ̀ lọ́jà. Ẹni tí ó bá fi èyí tí kò dára sílẹ̀ lónìí yóò rí òmíràn lọ́la. Ẹni tí ó bá fi ìkánjú rà á, àbámọ̀ ni yóò fi wà á.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ILÉ ÌKÀWÉ

1. Kí ni ìdí tí ó fi yẹ kí a bá ẹ́ńjìnnì ní tútù?
2. Kí ni iṣẹ́ tẹ́mósítáàtì, kí sì ni yíyọ rẹ̀ lè bò mọ́lẹ̀?
3. Bí iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì kò bá tàn rárá nígbà tí a yí kọ́kọ́rọ́, kí ni ó túmọ̀ sí?
4. Àwọn nǹkan wo ni ó yẹ kí ó wà nínú ìwé àdéhùn?