Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Sún un, yí i, dojú rẹ̀ dé

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bọ́ bàtà yín. Ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ wò wọ́n dáadáa. Wọ́n jọra bí ìbejì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìka márùn-ún. Ó yá, ẹ ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà òsì. Kí lẹ rí? Bàtà náà kò bá ẹsẹ̀ mu.

Kí ló dé tí ohun méjì fi jọra tó báyìí, tí ọ̀kan kò sì lè gba ipò èkejì? Ẹ jẹ́ ká ka ìtàn Táyé àti Kẹ́hìndé.

A. Ìtàn: Awọ pupa

Ìlú Kétu ni Táyé àti Kẹ́hìndé ń gbé. Ọkùnrin ni Táyé, obìnrin ni Kẹ́hìndé. Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ń ṣe bàtà. Bàbá Oníbàtà ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń pè é.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, àwọn ìbejì lọ kí i. Táyé dọ̀bálẹ̀, Kẹ́hìndé kúnlẹ̀.

— Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.

— Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni ìyá yín wà?

— A dúpẹ́, Bàbá.

Awọ kan wà lórí tábìlì. Ojú rẹ̀ pupa, ó sì ń dán. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, kò sì dán.

Bàbá ní:

— Bàtà ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì ni mo fẹ́ fi awọ yìí ṣe. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á. Awọ tó kù kò ju ti ẹsẹ̀ méjì lọ. Páálí tí mo fi ń wọn ẹsẹ̀ òsì nìyí. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya òsì kan àti ọ̀tún kan sójú awọ. Ẹ má fọwọ́ kan ọ̀bẹ o! Ṣọ́ọ̀kì ṣeé nù kúrò, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀bẹ bá ti gé, ó ti gé nìyẹn.

Táyé gbé páálí lé ojú awọ. Ó fi ṣọ́ọ̀kì yí etí rẹ̀ ká. Lẹ́yìn náà, ó sún páálí sí ẹ̀gbẹ́, ó tún ya èkejì.

— Mo ti parí! Ó yá, ẹ gé e, Bàbá!

Bàbá kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wo Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé gbé awọ náà sílẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lé ìlà àkọ́kọ́. Ó bá a mu. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ìlà kejì. Kò bá a mu rárá. Ìka ńlá ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta.

— Táyé, òsì méjì lo yà!

Ojú ti Táyé díẹ̀. Ó nu ìlà kejì kúrò. Ó mú páálí, ó yí i po títí orí rẹ̀ fi wà níbi tí gìgísẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ó tún yà á.

— Ọ̀tún nìyí.

Kẹ́hìndé rìn yí awọ náà ká, ó dúró sí apá kejì, ó sì gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lé e. Ó bá a mu pátápátá.

— Òsì náà ni. Ó kàn kọjú sí ibòmíràn ni.

Àwọn méjèèjì dákẹ́. Wọ́n ronú. Kẹ́hìndé wá mú páálí náà. Ó dojú rẹ̀ dé bí ẹni tó ń dojú búrẹ́dì dé lórí àwo. Ẹ̀yìn páálí wá di òkè. Ó yà á, ó sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e.

— Ó bá a mu! Ọ̀tún nìyí o!

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Táyé ní ìbéèrè kan.

— Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a kò lè gé òsì méjì, kí a wá dojú awọ kan dé?

— Ìbéèrè dáadáa nìyẹn. Wo awọ náà. Tí mo bá dojú rẹ̀ dé, ojú wo ni yóò wà lókè?

Táyé ṣí etí awọ wò.

— Ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun ni. Bàtà kan á pupa, èkejì á funfun!

— Ó dára bẹ́ẹ̀. Páálí la ó dojú rẹ̀ dé kí a tó yà á. A kì í dúró di ìgbà tí a bá gé awọ tán.

Bàbá mú ọ̀bẹ, ó sì gé awọ náà: òsì kan, ọ̀tún kan, méjèèjì pupa.

B. Ohun tí a rí kọ́

A lè gbé nǹkan láti ibì kan sí ibòmíràn ní ọ̀nà mẹ́ta yìí:

1. Sún un: ó kúrò ní ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó kọjú sí kò yí padà. Òsì ṣì jẹ́ òsì.

2. Yí i: ó kọjú sí ibòmíràn. Òsì ṣì jẹ́ òsì.

3. Dojú rẹ̀ dé: ẹ̀yìn rẹ̀ di òkè. Òsì di ọ̀tún.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nǹkan náà kò tóbi sí i, kò sì kéré sí i.

D. Ẹ ṣe é fúnra yín

Ẹ wá páálí, abala ìwé ńlá kan, pẹ́ńsù àti àlùmọ́gàjí.

1. Ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì lé páálí. Ẹ yà á, kí ẹ sì gé e. Ẹ fi pẹ́ńsù kun ojú tó wà lókè.

2. Ẹ fa ìlà gbọọrọ kan sí àárín abala ìwé náà.

3. Ẹ gbé páálí sí apá òsì ìlà náà, kí etí rẹ̀ kan ìlà. Ẹ yà á.

4. Ẹ má gbé páálí kúrò nílẹ̀. Ẹ di etí tó kan ìlà mú, kí ẹ sì dojú rẹ̀ dé sí apá kejì, bí ìgbà tí a ń ṣí ìwé. Ẹ tún yà á.

5. Ẹ ká abala ìwé náà lórí ìlà. Ẹ gbé e sókè kí oòrùn tàn sí i. Ṣé ẹsẹ̀ kan bo èkejì mọ́lẹ̀? Tí ó bá bò ó, iṣẹ́ yín dára.

E. Lẹ́tà náà ń dojú dé

Ẹ fi páálí gé lẹ́tà b. Ẹ sún un: b ni síbẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ dé bí ìgbà tí a ń ṣí ìwé: ó di d! Ẹ tún un ṣe kí ó di b padà, kí ẹ wá yí i po títí orí rẹ̀ fi wà nísàlẹ̀: ó di q tí a ń lò nínú èdè Faransé.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ń kọ̀wé. Ẹ ka gbólóhùn méjì yìí:

Ó bùn mí.
Ó dùn mí.

Ẹni tí wọ́n bùn ní nǹkan ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí nǹkan dùn ń sunkún. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló dojú dé.

Ẹ. Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí Bàbá fi ní kí àwọn ìbejì má fọwọ́ kan ọ̀bẹ?

2. Báwo ni Kẹ́hìndé ṣe mọ̀ pé òsì méjì ni Táyé yà?

3. Ẹ gé lẹ́tà A, O, T àti L. Ẹ dojú wọn dé bí ìgbà tí a ń ṣí ìwé. Èwo ni kò yí padà? Èwo ló yí padà?

4. Ẹ ya àsíá orílẹ̀-èdè Benin sórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: àwọ̀ ewé ní apá òsì, àwọ̀ ìyeyè lókè, pupa nísàlẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ sì gbé e sókè sí oòrùn. Apá wo ni àwọ̀ ewé wà báyìí? Ẹ tún un ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ wá yí i po títí òkè rẹ̀ fi di ìsàlẹ̀. Àwọ̀ wo ló wà lókè?

5. Nílé, ẹ wo ìbọ̀wọ́, ife àti ṣíbí. Èwo nínú wọn ló ní ti ọ̀tún àti ti òsì? Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún olùkọ́ yín lọ́la.