Ẹ̀KỌ́ 15: A JỌ JẸRAN

Ọjọ́ Sátidé ni. Èmi, Àìná, Bísí àti Òjó jókòó yí iná ká ní àgbàlá bàbá Òjó ní Okpara, ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́. Bàbá ń sun ẹran ewúrẹ́. Igi mẹ́jọ wà lórí iná. Ègé ẹran márùn-ún wà lára igi kọ̀ọ̀kan. Iṣu sì wà nínú ẹ̀yinná.

Bàbá ní, "Ní ilẹ̀ Kòríà, iná máa ń wà láàárín tábìlì. Àwọn ọ̀rẹ́ á yí i ká, wọ́n á sun ẹran, wọ́n á fi ewé tútù wé e jẹ."

Bàbá fún wa ní igi méjì-méjì. Bí a ti fẹ́ jẹ ẹ́, a rí Ìdòwú lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì pẹ́ tí ó dé sí ilé-ìwé wa. Ó ń wò wá, kò sọ̀rọ̀. Àìná fi ọwọ́ bo ẹran rẹ̀. Àwa náà dákẹ́.

Òjó dìde. Ó ní, "Ìdòwú, máa bọ̀! Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní." Ó yọ ègé méjì fún un. Bísí yọ méjì, èmi náà yọ méjì. A wo Àìná. Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ méjì.

Ẹran wa dọ́gba. A jẹ ẹran, a jẹ iṣu, gbogbo wa yó.

Ọ̀rọ̀ tuntun: ẹ̀yinná, ègé, àjọjẹ

Ìbéèrè
1. Ta ni ó kọ́kọ́ fún Ìdòwú ní ẹran?
2. Ègé mélòó ni ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ?
3. Ìwọ ńkọ́, kí ni ìwọ ìbá ṣe?