Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ABẸ́ ỌKỌ̀ AYỌ́KẸ́LẸ́ ÀTI ÌDÈNÀ AFẸ́FẸ́

Bí a bá bi àwọn ọmọ kíláàsì léèrè ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jà, iwájú rẹ̀ ni gbogbo wọn yóò nawọ́ sí. Àwa náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ. A fẹ́ fi hàn pé abẹ́ ọkọ̀, níbi tí ojú kì í sábà dé, wà lára ibi tí epo ti ń ṣòfò, kí a sì sọ bí a ti lè tún un ṣe láìfa jàǹbá.

Èkíní, agbára afẹ́fẹ́. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìdènà afẹ́fẹ́ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdènà tí ọkọ̀ ń bá pàdé nígbà tí ó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ìgbà tí ó ń sá 50; agbára tí ẹ́ńjìnnì yóò sì lò láti borí rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ. Epo ni a fi ń san gbèsè náà.

Èkejì, ìrísí abẹ́ ọkọ̀. Ẹni tí ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi a máa fá ìdí rẹ̀ kí ó dán, kí omi má baà dá a dúró. Afẹ́fẹ́ náà ń ṣàn bí omi. Ṣùgbọ́n bí a bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀, sàlẹ́ńsà, sípíríǹgì, táǹkì epo àti oríṣiríṣi kòtò ni a ó rí. Afẹ́fẹ́ a máa kọlù wọ́n, a máa yí po bí ìjì kékeré, a sì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta, àtúnṣe. A lè fi ike líle tàbí páànù fẹ́lẹ́ bo abẹ́ náà kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. A lè so rọ́bà sí abẹ́ bọ́ńpà iwájú, kí afẹ́fẹ́ tí ń wọ abẹ́ ọkọ̀ lè dín kù. Ní ẹ̀yìn, kí ìbòrí náà rọra gòkè, kí afẹ́fẹ́ lè jáde ní ìrọ̀rùn. Bí ó bá gòkè jù lójijì, afẹ́fẹ́ yóò já kúrò lára rẹ̀, èrè yóò sì di òfo.

Àwọn onímọ̀ ní nọ́mbà kan tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìrísí ọkọ̀: bí ó bá ti kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà á láyè tó. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wà ní nǹkan bí 0.30. EV1 tí General Motors ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1996 jẹ́ 0.19, Mercedes EQS ti Jámánì, tí ó jáde ní 2021, jẹ́ 0.20. Abẹ́ àwọn méjèèjì tẹ́jú. Iná mànàmáná ni wọ́n ń lò, nítorí náà wọn kò ní sàlẹ́ńsà tí yóò dí ìbòrí lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin, ìkìlọ̀. Sàlẹ́ńsà a máa gbóná gidigidi; bí ike bá sún mọ́ ọn, ó lè yọ́ tàbí kí ó gbiná. Ẹ má ṣe dí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ rédíétọ̀ ń gbà jáde. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún mẹkáníìkì láti fa ọ́ìlì. Kí a de ìbòrí náà pinpin, nítorí bí ó bá já lójú ọ̀nà, ó lè pa ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ojú ọ̀nà tí ó kún fún kòtò, bí ọ̀pọ̀ nínú tiwa, kí ó má ṣe lọ sílẹ̀ jù.

Ẹ̀karùn-ún, ìdánwò. Ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ní ọ̀nà títẹ́jú tí ó dá, kí awakọ̀ sáré dé ìwọ̀n kan, kí ó fi jíà sí fírì, kí ẹnì kejì sì ka ìṣẹ́jú àáyá tí eré yóò fi dín kù dé ìwọ̀n mìíràn. Kí wọ́n ṣe é ní àlọ àti ní àbọ̀, ṣáájú àtúnṣe àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí àkókò náà bá gùn sí i, iṣẹ́ ti yọrí. Bí kò bá gùn, kí a má tan ara wa jẹ.

Ẹni tí ń rìn díẹ̀díẹ̀ láàrin ìgboro kò ní rí èrè púpọ̀. Ẹni tí ń sáré lọ sí ọ̀nà jíjìn ni yóò rí i. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí a bá ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a mú wọn jáde, kí àwa pẹ̀lú wọn bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ tí ó dúró jẹ́ẹ́.